Ìwé Wo Ló Yẹ Kó Wà Nílé? Yíyan Ìwé Ìpalẹ̀mọ́ fún Ewu Átọ́míìkì àti Àjálù ní Sotega

Àwọn ìwé tí ń kọ́ni bí ènìyàn ṣe lè yè nígbà ogun átọ́míìkì tàbí nígbà àjálù ńlá mìíràn pọ̀ lórí àtẹ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ni ẹni tó ń gbé inú ilé onípákó ní ìlú olótùútù, tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀, tó ní ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìnkùlé, tó sì lè rí ohun gbogbo rà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wọ́pọ̀ ní Sotega, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Libreville tí í ṣe olú-ìlú Gàbọ̀n, ìlú tí àwọn Yorùbá láti Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti ń ṣòwò tipẹ́. Àwọn àgbà ilé lè máa sọ Yorùbá, kí àwọn ọmọ máa fi èdè Faransé kàwé, kí ìwé ìpalẹ̀mọ́ tó gbajúmọ̀ jùlọ sì wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé bẹ́ẹ̀ ní láti yàn án pẹ̀lú ọgbọ́n: ìwé tó yẹ ni èyí tó mọ ewu tó wà ní àyíká ẹni tó ń kà á, tó sì sọ ohun tí ó lè fi ohun tó wà nílé rẹ̀ ṣe sí i.

Gàbọ̀n kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì

Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń fi átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná ní Gàbọ̀n, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà lọ. Ní ìgbèríko Haut-Ogooué, lápá gúúsù ìlà-oòrùn, ilé-iṣẹ́ COMUF wa yuréníọ́ọ̀mù ní Mounana láti ọdún 1961 títí di ọdún 1999. Yuréníọ́ọ̀mù ni irin wúwo kan tí a ń rí nínú àpáta, tí a ń lò láti pèsè iná mànàmáná àti láti ṣe bọ́ǹbù. Ní ọdún 1972, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Pierrelatte ní ilẹ̀ Faransé ń yẹ yuréníọ́ọ̀mù tó ti ibi ìwakùsà Oklo wá wò, wọ́n rí i pé irú kan nínú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní yuréníọ́ọ̀mù-235, kò pé iye tó yẹ: dípò ìdá 0.7202 nínú ọgọ́rùn-ún, 0.7171 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, àpáta náà fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ átọ́míìkì. Omi tó wọ inú ilẹ̀ ló mú kí àwọn átọ́ọ̀mù máa fọ́. Ooru tó jáde lára wọn mú kí omi náà hó títí tó fi gbẹ, iṣẹ́ náà á sì dúró. Nígbà tí omi bá tún sun wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kí ènìyàn tó dé orí ilẹ̀ ayé.

Oklo jẹ́ ohun ìyanu fún àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìwakùsà fi sílẹ̀ ní Mounana ló kan ará ìlú gbọ̀ngbọ̀n. Títí di ọdún 1975, inú odò Ngamaboungou ni ilé-iṣẹ́ náà ń da àwókù àpáta tí wọ́n ti yọ yuréníọ́ọ̀mù lára rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni irú àwókù bẹ́ẹ̀ ṣì ní àwọn èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ìyẹn agbára tí ojú kò lè rí, tí imú kò lè gbóòórùn, tó sì lè ba ẹ̀yà ara jẹ́ bó bá pọ̀ jù. Fún ará Gàbọ̀n, nígbà náà, ìwé tó sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù nìkan, tí kò mẹ́nu kan omi, ilẹ̀ àti ìdọ̀tí ìwakùsà, ti fi ewu tó súnmọ́ ọn jùlọ sílẹ̀.

Ewu bọ́ǹbù náà ti dé ìtòsí rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà ti Àlgéríà. Àwọn ará Nàìjíríà bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tó máa ń gbé eruku Sàhárà wá sí ilẹ̀ wọn lọ́dọọdún, yóò gbé eruku olóró pẹ̀lú. Nígbà tí Faransé dán ẹ̀kẹta wò ní òpin ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó gba òmìnira, lé aṣojú ilẹ̀ Faransé kúrò ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1961.

Ohun tí ìwé rere gbọ́dọ̀ là yé ni

Kí ènìyàn tó lè mọ ìwé rere yàtọ̀ sí ìwé tó kàn ń dẹ́rù bani, ó yẹ kó mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bọ́ǹbù átọ́míìkì, irú èyí tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945 àti sí Nagasaki ní ọjọ́ 9 oṣù náà, ń fi ooru jó ènìyàn, ó ń fi agbára ìbúgbàù wó ilé lulẹ̀, ó sì ń tú ìtànṣán olóró jáde. Bó bá bú gbàù nítòsí ilẹ̀, yóò fa erùpẹ̀ sókè, erùpẹ̀ náà yóò dàpọ̀ mọ́ èròjà olóró, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ kó tó rọ̀ sílẹ̀ bí eruku. Ẹni tó jìnnà sí ibi ìbúgbàù ṣì lè kó sínú ewu eruku yìí, ṣùgbọ́n òun náà ni ewu tí ìmọ̀ lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ jùlọ.

Ìdí ni pé oró eruku bọ́ǹbù ń yára dínkù. Òfin tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò rẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí àkókò bá di ìlọ́po méje, agbára ìtànṣán yóò dínkù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ 1,000 ní wákàtí kìíní, yóò tó 100 ní wákàtí keje, yóò tó 10 lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì, yóò sì sún mọ́ 1 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó nípọn tó sì wúwo náà ń dí ìtànṣán lọ́nà: kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 6, tàbí erùpẹ̀ kíkì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 9, ń dín in kù sí ìdajì, ìpele mìíràn tó nípọn bẹ́ẹ̀ á sì tún dín ìdajì náà kù sí ìdajì. Páànù orí ilé kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ìdí yìí, yàrá àárín ní ìsàlẹ̀ ilé alájà tí a fi búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré kọ́ sàn ju ilé onípákó lọ, ó sì sàn lọ́nà púpọ̀ ju kí ènìyàn wà lójú títì. Ìmọ̀ràn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ará ìlú rẹ̀ lónìí kò ju mẹ́ta lọ: wọ inú ilé, dúró sínú ilé, kí o sì máa tẹ́tí sí ìròyìn.

Òfin ìlọ́po méje yìí kò bá ìjàǹbá ilé-iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì mu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣi òǹkàwé lọ́nà. Nígbà tí ẹ̀rọ Chernobyl ní Ukraine bú gbàù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó tú jáde ni sísíọ́ọ̀mù-137, tí ó ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó dínkù sí ìdajì. Ọjọ́ díẹ̀ nínú yàrá kò lè yanjú ìyẹn. Ó gba kíkó àwọn ènìyàn kúrò àti ṣíṣọ́ oúnjẹ àti wàrà. Ìwé tó bá pa bọ́ǹbù àti ilé-iṣẹ́ amúnáwá pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n kò yẹ ní ohun tí a ń fi owó rà.

Díẹ̀ nínú àwọn ìwé tó lórúkọ

Ìwé tí àwọn olùpalẹ̀mọ́ máa ń dárúkọ jùlọ ni *Nuclear War Survival Skills* tí Cresson Kearny kọ, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1979, tí a sì tún ṣàtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 1987. Ohun méjì ló mú kó yàtọ̀. Èkíní, Kearny fi àwọn ìlànà rẹ̀ lé ìdílé tí kò ní ìmọ̀ kankan nípa iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi kọ́ ibi ààbò, ó sì tún ibi tí kò ti yé wọn kọ. Èkejì, ó gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀dà ìwé náà láìsan owó. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí kò bá Libreville mu. Kòtò tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ wà lára ibi ààbò tó gbé kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kòtò tí a bá gbẹ́ sí àdúgbò tó rẹlẹ̀ ní Libreville lásìkò òjò yóò kún fún omi kí ó tó wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ojú ewé kan nínú ìwé Kearny fi hàn bí a ṣe gbọ́dọ̀ ka irú ìwé yìí. Ó kọ́ni bí a ṣe lè fi agolo, ike tó mọ́ gaara, okùn tín-ín-rín àti ewé alumíníọ́ọ̀mù ṣe ohun èlò tó ń wọn ìtànṣán: a ó fi iná mànàmáná tí a rí láti inú fífi ara kan ara ta ewé méjì náà síra, a ó wo bí wọ́n ṣe ń padà sún mọ́ra, a ó sì fi àkókò tí ó gbà ṣírò iye ìtànṣán tó wà níbẹ̀. Àwòrán ìwọ̀n tí a ó gé wà nínú ìwé náà ní títóbi rẹ̀ gan-an. Bí ẹ̀rọ adàwékọ ní ṣọ́ọ̀bù bá sọ àwòrán náà di kékeré nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ohun èlò tí a fi ṣe yóò máa purọ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi rúlà wọn àwòrán rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀, *The Effects of Nuclear Weapons* tí Samuel Glasstone àti Philip Dolan ṣe, tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní ọdún 1977, ni ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn ti ń mú ìṣirò wọn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló wúlò fún ju ìdílé lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba gbé ìwé pélébé *Protect and Survive* jáde fún títà ní ọdún 1980, àwọn ènìyàn sì bínú sí i pé ó mú ewu ńlá ní ohun kékeré. Ní ọdún 1982, Raymond Briggs gbé ìwé alàwòrán *When the Wind Blows* jáde, nínú èyí tí bàbá àti ìyá àgbàlagbà kan ti tẹ̀lé gbogbo ohun tí ìjọba wí, tí oró ìtànṣán sì tún pa wọ́n. Ìwé méjèèjì yẹ ní kíkà papọ̀, nítorí pé ìwé ìpalẹ̀mọ́ tó bá ṣèlérí pé kò sí ẹni tí yóò kú kò sọ òtítọ́.

Ìwé tó sì yẹ kí ìdílé Sotega rà ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí kì í ṣe ìwé átọ́míìkì rárá. Òun ni ìwé ìtọ́jú ìlera tí David Werner kọ fún àwọn abúlé Mẹ́síkò ní èdè Spéìn ní ọdún 1973, tí a túmọ̀ sí *Where There Is No Doctor* ní Gẹ̀ẹ́sì àti *Là où il n'y a pas de docteur* ní Faransé. Àwòrán inú rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọrùn. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ọgbẹ́ àti ìbímọ ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn àwọn ohun tó ń pa ènìyàn lẹ́yìn àjálù gbogbo, ìbáà jẹ́ bọ́ǹbù tàbí omíyalé.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ìwé kí a tó rà á

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ àti bí ó ṣe mọ ohun tó ń sọ. Ìwé tó ti ọwọ́ onímọ̀, ilé-iṣẹ́ ìlera tàbí ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa wá, tó sì sọ ibi tí wọ́n ti dán ìmọ̀ràn rẹ̀ wò, sàn ju ìwé tó kún fún ìtàn akọni lọ. Bí òǹkọ̀wé bá tún ń ta oògùn, oúnjẹ agolo tàbí ẹ̀rọ nínú ìwé náà, kí a mọ̀ pé ọjà ló ń polówó.

Ìbéèrè kejì ni ọdún tí a kọ ọ́. Ìṣirò bí ìtànṣán ṣe ń dínkù kò yí padà láti ọdún 1979, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa oògùn ti yí padà, nọ́ńbà pàjáwìrì àti ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé etí ará ìlú sì ti yàtọ̀.

Ìbéèrè kẹta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò, ni ìwọ̀n àti ohun èlò tó ń lò. Ọ̀rọ̀ omi mímu jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé kí a kán oògùn ìfọṣọ funfun tí kò lóòórùn dídùn sínú omi, ẹ̀kán méjì sí lítà kan, kí a sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó mu ún. Oògùn tí wọ́n ní lọ́kàn ní èròjà kílórínì bí ìdá 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Javel tí wọ́n ń tà nínú ìgò ní àwọn ìlú tó ń sọ Faransé, tí ará Nàìjíríà mọ irú rẹ̀ sí jíìkì, sábà máa ń jẹ́ ìdá 2.6, tí í ṣe nǹkan bí ìdajì, nítorí náà ẹ̀kán méjì kò ní tó. Ẹ̀kán mẹ́rin ló súnmọ́ ọn. Èyí tí a dì sínú ọ̀rá kékeré sì lè lágbára ju ti ìgò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìwé tó bá sọ iye ẹ̀kán láìsọ agbára oògùn kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń kà á gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò kó tó kán ohunkóhun.

Ìbéèrè kẹrin ni bóyá ìwé náà sọ ààlà oògùn tó ń dárúkọ. Oògùn áyódíìnì, tí ọ̀pọ̀ ìwé átọ́míìkì ń yìn, kò dáàbò bo ohun mìíràn ju ẹṣẹ́ kan lọ́rùn, kò sì dí ohun mìíràn lọ́nà ju áyódíìnì olóró lọ. Àwọn aláṣẹ ìlera ló ń sọ ìgbà tí a ó lò ó. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Fukushima ní Jàpáànù bàjẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2011, àwọn ará Ṣáínà rọ́ lọ ra iyọ̀ nítorí àhesọ pé ó ń gbani lọ́wọ́ ìtànṣán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, àhesọ mìíràn ní kí àwọn ènìyàn mu omi iyọ̀ kí wọ́n sì fi wẹ̀, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ló kú nítorí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta àti ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n àìní ìmọ̀ tí a lè gbára lé ló fa méjèèjì.

Bí ìdílé ṣe lè tò ó

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òjò tó ń rọ̀ sí Libreville lọ́dún lé ní mílímítà 2,500, omíyalé sì ni àwọn tó ń gbé ní ibi tó rẹlẹ̀ ń bá jà ju ohun mìíràn lọ. Gàbọ̀n ti rí àjàkálẹ̀ Ebola ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ní Brazzaville, olú-ìlú Kóńgò tó bá Gàbọ̀n pààlà, ilé ìkóhun-ìjà-pamọ́-sí Mpila bú gbàù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2012, ó sì pa ènìyàn tó lé ní igba. Ní Èkó, nígbà tí ilé ìkóhun-ìjà-pamọ́-sí bárékè Ìkẹjà bú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kú nípa iná tàbí àfọ́kù bọ́ǹbù: odò àfọwọ́gbẹ́ Òkè-Àfà ni wọ́n kó sí nínú òkùnkùn, níbi tí wọ́n ti ń sá fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wọn. Ìyà yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹni tó ń yan ìwé, nítorí pé ìwé tó kọ́ ènìyàn láti mọ ìgbà tó yẹ kó dúró àti ìgbà tó yẹ kó sá, àti ọ̀nà tó yẹ kó gbà, lè gba ẹ̀mí là nínú ìjàǹbá tí kò ní átọ́míìkì nínú rárá.

Nítorí náà, ìwé ìlera ni kó ṣáájú, kí ìwé pélébé nípa omíyalé, iná àti ìtọ́jú omi tẹ̀lé e, kí ìwé átọ́míìkì kan ṣoṣo tí a yẹ̀ wò dáadáa wá ṣìkẹta. Ẹni tí kò lówó láti ra gbogbo rẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ti Gàbọ̀n, tàbí kó lọ wo ohun tó wà ní ilé ìkàwé Institut français ní Libreville. Kí ìwé náà jẹ́ ti bébà, kó má jẹ́ inú fóònù nìkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, ìjọba Gàbọ̀n gé íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri orílẹ̀-èdè, kò sì padà títí di ọjọ́ 30, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Rédíò oníbátìrì àti ìwé bébà ló kù.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àgbọ́tẹ́lẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dé etí gbogbo ará ilé. Kí ọmọ tó gbọ́ Faransé ka ojú ewé kan sókè, kó sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá àgbà, kí ẹni tó bá mọ ọwọ́ kọ kókó ọ̀rọ̀ sí èdè tí gbogbo ilé gbọ́, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú èèpo ìwé náà. Kí wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n kà: kí wọ́n pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n fi javel tọ́jú lítà kan, kí wọ́n po omi tí a fi ń tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹn ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà pẹ̀lú iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì kan sí lítà omi mímọ́ kan, kí wọ́n sì yan yàrá tí gbogbo wọn yóò wọ̀. Bí ìlànà ìwé kan kò bá ṣeé ṣe nílé náà ní ọ̀sán ọjọ́ tí ara dẹ̀, kò ní ṣeé ṣe ní òru ọjọ́ àjálù, ó sì sàn kí ìdílé mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti wá ìwé mìíràn.